Kọ̀ǹpútà ilé tí kò jẹ́ kí olówó rẹ̀ wọlé: àkọsílẹ̀ àtúnṣe

Ẹ̀rọ náà jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tòkunbọ̀ láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù: Intel Core i5 ìran kẹfà, RAM 8GB, SSD 240GB (ibi tí gbogbo fáìlì ń gbé), Windows 10. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà, ní Ìbàdàn. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wọn, inú Excel tó wà lórí ẹ̀rọ yìí sì ni ìwé owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà: ta ló dá owó, ta ló yá owó, ta ló yẹ kó ti san padà. Iṣẹ́ mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ sí lórí rẹ̀. Íméèlì, WhatsApp, fídíò, orí fóònù ni gbogbo ará ilé ti ń ṣe ìyẹn. Orúkọ ènìyàn àti iye owó ni wọ́n ń tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó wà lára ohun tó bo àìsàn náà mọ́lẹ̀.

Ẹjọ́ tí wọ́n rò fún mi nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, PIN kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ ní nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, PIN kò sí, kí wọ́n fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kò rántí pásíwọ́ọ̀dù. Ta ni yóò rántí ohun tí kò tẹ̀ fún ọdún mélòó kan? Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá lọ sórí fóònù, ó yí pásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì Microsoft náà padà, ó sì fi àmì @ sí àárín rẹ̀ kó lè lágbára. Wọ́n tẹ tuntun yìí sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kò tọ̀nà. Wọ́n tún un yí padà lórí fóònù, wọ́n tún un tẹ̀, kò tọ̀nà. Arákùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà wọn wá wò ó, ó ní àfi kí òun fọ́máàtì rẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti pè mí.

"Tó bá fọ́máàtì rẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ ńkọ́?"

"Á bá a lọ, Àǹtí mi. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án."

"Ṣé o mọ̀ pé ìpàdé wa ti di Sátidé?"

Mo mọ̀. N kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ fọ́máàtì nígbà tó jẹ́ pé ìwọlé nìkan ló dàrú. Fáìlì kò ní àrùn kankan lára. Ohun tó bàjẹ́ ni bí ẹ̀rọ ṣe ń dá ènìyàn mọ̀, ìyẹn sì ní ìdí tí a lè wá rí. Ẹni tó bá fọ́máàtì rẹ̀ kò wá ìdí kankan, ó kàn pa ẹ̀rí rẹ́ ni. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, wọn á tún pè é, wọn á tún sanwó.

Fáìlì lákọ̀ọ́kọ́

Kí n tó tẹ pásíwọ́ọ̀dù kankan, mo fẹ́ kí ìwé owó wà níbòmíràn. Mo ní fílàṣì kan tí mo ti fi ètò Rufus gbé Linux Mint sí, ètò tó ń darí ẹ̀rọ bíi ti Windows. Mo fi fílàṣì náà sí ojú USB ẹ̀rọ, mo tan án, mo tẹ F12 kó lè bi mí ibi tí mo fẹ́ kó ti jí, mo sì mú fílàṣì náà. Linux tó bá jí láti orí fílàṣì kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú PIN Windows. Ó kàn máa rí SSD, á sì ṣí i.

Ohun méjì ló lè dí èyí lọ́wọ́. BitLocker ni àkọ́kọ́, tàbí device encryption tó wà lórí Windows Home. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti fi ìpàrokò bo SSD, Linux kò ní rí nǹkan kà níbẹ̀ àfi tí ẹ bá ní kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà, nọ́ńbà gígùn kan tó ní díjíìtì 48, tó sábà máa ń wà ní ìpamọ́ nínú àkáǹtì Microsoft ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ẹ wá nọ́ńbà yìí kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí ẹ̀rọ kó tó kan Windows) rárá, torí yíyí ètò BIOS padà lè mú kí Windows béèrè fún un lójijì. SSD ẹ̀gbọ́n mi kò ní ìpàrokò. Èkejì ni Fast Startup. Windows tó bá fi ètò yìí pa ara rẹ̀ kì í kú tán, ó ń sùn ni, Linux á sì kọ̀ láti kọ nǹkan sórí rẹ̀, kíkà nìkan ni yóò gbà. Kíkà náà sì ni mo wá ṣe. Mo wọ Users, mo wọ fódà ẹ̀gbọ́n mi, mo da Documents àti Desktop sórí fílàṣì kejì.

Bó ṣe ń kọ wọ́n lọ ni mo tẹ aago tó wà ní igun ìsàlẹ̀. Ó ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2016 la wà.

Mo padà wo ara fáìlì. Ìwé owó tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kẹ́yìn, ọjọ́ inú oṣù kìíní 2016 ló wà lára rẹ̀. Lọ́dún 2016, wọn kò tíì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

"Gbogbo wa la mọ F1"

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ láàárọ̀, ṣé kì í kọ nǹkan kó tó dé ojú Windows?

"Ó máa ń kọ ọ́. Ojú dúdú kan báyìí, pẹ̀lú ìwé funfun. A á tẹ F1, á sì máa lọ."

"Láti ìgbà wo, Àǹtí mi?"

"Ó ti pẹ́ o. Gbogbo wa la mọ F1. Àbíkẹ́yìn gan-an mọ̀ ọ́n."

Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ lójú dúdú yẹn ni pé aago òun kò pé mọ́, kí wọ́n tẹ F2 láti tún un ṣe, tàbí F1 láti máa lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Wọ́n ṣe bí pé ìkíni àárọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wá. Lórí bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà, aago kékeré kan wà tó máa ń rìn yálà ẹ̀rọ wà ní títàn tàbí ní pípa. Òkúta kírísítà kan tó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń fi ka àkókò, irú kan náà tó wà nínú aago ọwọ́. Nígbà tí wáyà kọ̀ǹpútà bá wà lójú iná, iná díẹ̀ tó ń wọlé láti ara pọ́wà ló ń bọ́ aago yìí, kódà bí ẹ̀rọ bá wà ní pípa. Nígbà tí iná kò bá sí, bátìrì pẹlẹbẹ kan tó dà bí owó ẹyọ ló kù tí aago ń gbára lé.

Ní ibi tí iná kì í lọ, bátìrì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì lè pẹ́ gan-an. Ní ilé ẹ̀gbọ́n mi, iná ọba ń lọ, ń bọ̀. Bó bá sì wà, wọ́n á pa sọ́kẹ́ẹ̀tì àti stabilizer kí wọ́n tó sùn, nítorí iná tó máa ń dé pẹ̀lú agbára lóru. N kò bá wọn wí, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé mi. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé bátìrì kékeré yẹn nìkan ló ń dá gbé aago lọ́pọ̀ wákàtí ọjọ́. Ẹ tún fi kún un pé tòkunbọ̀ ni. Bátìrì tó bá a wọ ọkọ̀ ojú omi náà ló ṣì wà nínú rẹ̀.

Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, aago ló máa kọ́kọ́ gbàgbé ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni F1 bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá wá rẹ̀ jù, BIOS lè wò ó pé ìrántí òun kò bára mu mọ́, kó sì dá gbogbo ètò padà sí bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá iná ti pẹ́ kó tó dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí PIN sọnù.

"Ọjọ́ wo ni kì í pẹ́?" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ọ̀sẹ̀ tí tiransifọ́mà àdúgbò jó ni.

PIN àti TPM

Àwọn ènìyàn rò pé PIN jẹ́ pásíwọ́ọ̀dù kúkurú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì Microsoft wà lọ́dọ̀ Microsoft, ẹ lè fi wọlé láti orí ẹ̀rọ èyíkéyìí. PIN kò kúrò lórí ẹ̀rọ tí ẹ ti ṣe é. Windows máa ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM. Lórí ìran kẹfà Intel, TPM yìí lè wà láàárín ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nínú BIOS sì ni PTT. Lórí bọ́ọ̀dù yìí, ilé iṣẹ́ fi PTT sílẹ̀ ní pípa. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà, tàbí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ló tan án. Lọ́jọ́ tí BIOS dá ètò padà, PTT kú, Windows wá kọ́kọ́rọ́ PIN, kò rí i.

Nítorí náà, ohun tí ojú ẹ̀rọ kọ pé PIN kò sí jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé. Ṣùgbọ́n kò sọ pé bátìrì ló fà á. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bátìrì

CR2032 ni. Orúkọ náà ń sọ bó ṣe tóbi tó: 20 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 32 sì ni nínípọn rẹ̀, ìyẹn mìlímítà 3.2. Irú rẹ̀ ló wà nínú rìmóòtù kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀, torí náà ẹ kò nílò kí ẹ wá a lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ń tà á. Ẹ ṣọ́ra fún CR2025. Fífẹ̀ rẹ̀ bá a dọ́gba, fóòltì rẹ̀ bá a dọ́gba, mìlímítà 2.5 péré ló sì nípọn. Ó máa wọlé, ó lè má kan irin ìsàlẹ̀ dáadáa, ẹ ó sì máa rò pé bátìrì tuntun náà ti kú.

Mo yọ wáyà iná kúrò pátápátá, mo tẹ bọ́tìnnì títàn mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀, mo fọwọ́ kan irin ara rẹ̀. Eruku inú rẹ̀ lásán tó àtúnṣe. Mo fi mítà wọn bátìrì àtijọ́: kò tó fóòltì 2. Tuntun ń lé díẹ̀ lórí 3. Mo fi tuntun sí i, ojú tí wọ́n kọ + sí lókè.

Kí n tó yí ohunkóhun padà nínú BIOS, mo fi fóònù ya gbogbo ojú ewé rẹ̀ ní fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ ọjọ́ àti àkókò tó tọ̀nà sí i, mo tan PTT, mo sì fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń bá SSD sọ̀rọ̀, yálà AHCI tàbí RAID, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lórí ẹ̀rọ mìíràn, bátìrì tó kú lè yí ìyẹn náà padà, Windows kò sì ní jí rárá. Eléyìí ń jí dé ojú ìwọlé, torí náà ibẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan. Mo fi pamọ́, mo tan án. Kò béèrè F1 mọ́. Àbíkẹ́yìn ilé wá dúró tì mí, ó na ìka sí F1, kò rí ohun tó máa tẹ̀ ẹ́ fún.

Pásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà tí kò tọ̀nà

Windows dé ojú ìwọlé. PTT ti padà, ṣùgbọ́n PIN kò padà. Ó ní kí a ṣe òmíràn, ìyẹn sì ń fẹ́ pásíwọ́ọ̀dù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù tuntun bó ṣe wà lórí fóònù rẹ̀. Kò tọ̀nà.

"Ẹ wò ó, lẹ́tà kan kò yẹ̀."

Mo ní kó tún un tẹ̀, ṣùgbọ́n kó má tíì tẹ Enter. Ní ìparí àpótí tí a ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù sí, àmì ojú kan wà. Tí ẹ bá di máúsì mọ́ ọn, ẹ ó rí ohun tí ẹ tẹ̀ gan-an. Ó dì í mọ́lẹ̀. Níbi tí @ yẹ kó wà, àmì " ló wà níbẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù ni. Èyí tó bá ẹ̀rọ dé láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì: Enter rẹ̀ ga, £ wà lórí 3, " wà lórí 2, @ sì wà nítòsí Enter. Àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ kan kú, wọ́n lọ ra tuntun lọ́jà, èyí tí wọ́n rà sì jẹ́ irú ti Amẹ́ríkà, tó kọ @ sórí 2. Windows kò mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Ètò ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ń lò, ó sì ń ka Shift pẹ̀lú 2 sí ". Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: nọ́ńbà ni PIN, orúkọ àti owó ni Excel. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra kíbọ́ọ̀dù náà, kò sẹ́ni tó tẹ @ lórí rẹ̀ rí.

Lórí ojú ìwọlé, tí Windows bá ní ju ètò kíbọ́ọ̀dù kan lọ, àmì èdè máa wà ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀, ẹ sì lè yí i padà níbẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò ní ju ọ̀kan lọ. Mo ní kí ọmọ náà tẹ Shift pẹ̀lú bọ́tìnnì tó kọ ' sí ara, ti ẹ̀gbẹ́ Enter. @ jáde. Ẹni tí èyí bá rú lójú lè lo kíbọ́ọ̀dù ojú ẹ̀rọ, tó wà lábẹ́ Ease of Access ní igun kan náà. Ohun tó bá kọ sára bọ́tìnnì rẹ̀ ni yóò tẹ̀.

Ẹ̀rọ tún ní kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó ṣàlàyé díẹ̀: ó ní ẹ̀rọ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a fi pásíwọ́ọ̀dù tí a lò kẹ́yìn lórí rẹ̀ wọlé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lọ. Nígbà tí ẹ bá yí pásíwọ́ọ̀dù padà lórí fóònù, ọ̀dọ̀ Microsoft ni ìyípadà náà ti ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ilé kò tíì gbọ́. Ó ní ẹ̀dà èyí àtijọ́ lọ́wọ́, òun ló sì máa fi dá yín mọ̀ títí yóò fi rí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá wà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ sì ń yí pásíwọ́ọ̀dù padà lórí fóònù léraléra, ẹ kàn ń jìnnà sí èyí tí ẹ̀rọ mọ̀ ni.

"Àmọ́ data wà nígbà yẹn," ni ọmọ náà sọ. "Mo rí àmì Wi-Fi níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB wà lára ẹ̀rọ, ó sì ti so mọ́ hotspot fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Aago ló ba á jẹ́. Kí kọ̀ǹpútà tó fi pásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí sáfà kan (kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ń dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ó máa kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí sáfà náà, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe gbájúẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yìí ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn bráúsà ńláńlá kò gbà kí ìwé ẹ̀rí tuntun lò ju ọjọ́ 398 lọ. Lójú kọ̀ǹpútà tó gbà pé 2016 la wà, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ti bí nínú gbogbo wọn. Ó kọ̀ wọ́n, ó sì ní íntánẹ́ẹ̀tì kò sí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí Windows kò gba àkókò tó tọ̀nà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ó máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà ilé, tí ìyàtọ̀ náà bá ti ju wákàtí 15 lọ, bí wọ́n ṣe tò ó ni pé kó má gbà á, kí ẹnikẹ́ni má baà fi àkókò irọ́ dà á rú. Ọdún mélòó kan ju wákàtí 15 lọ dáadáa.

Báyìí, aago ti tọ̀nà. Mo tan hotspot fóònù mi, mo so ẹ̀rọ mọ́ ọn láti ojú ìwọlé níbẹ̀, ní igun ọ̀tún. Ọmọ náà tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ó tẹ @ nítòsí Enter. Àyíká kékeré náà yí fún ìgbà díẹ̀, ó sì wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi pariwo láti kíṣìnì kí n tó sọ fún un.

Lẹ́yìn tí a wọlé

Mo ṣe PIN tuntun. Mo wo àgbègbè àkókò: ó ṣì wà lórí ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti ìgbà tí wọ́n ti rà á, mo yí i sí West Central Africa, UTC+01:00. Mo tẹ Sync now, ó gbà.

Kíbọ́ọ̀dù ló gba àkókò ju bí mo ṣe rò lọ. Nínú Settings, lábẹ́ Time & Language, mo fi ètò US kún un, mo yọ ti United Kingdom kúrò. Ìyẹn nìkan kò tó. Ojú ìwọlé ní ètò tirẹ̀, kì í sì í tẹ̀lé tàwọn tó ń lo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí Control Panel, Region, Administrative, Copy settings, kí ẹ fi àmì sí Welcome screen. Ẹni tí kò bá ṣe èyí á ní òun ti tún kíbọ́ọ̀dù ṣe, lọ́jọ́ tí PIN bá sì tún sọnù, @ á tún di ".

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dá àkáǹtì kejì sílẹ̀, ti inú ẹ̀rọ nìkan, tí kò ní Microsoft nínú, mo sì sọ ọ́ di Administrator. Kò sẹ́ni tó máa lò ó lójoojúmọ́. Orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, tí kò ní àmì kankan nínú, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán, wà nínú ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú pẹ̀lú ìwé ilé. Àwọn kan á ní kí a má kọ pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ní ilé tí kò ti sí ẹni tó ń wá jí kọ̀ǹpútà ju ẹni tó ń gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù lọ, mo rò pé ìwé tó wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ sàn jù.

Nǹkan kan wà tí mo ti múra sílẹ̀ láti wò, tí kò wá jẹ́ òun. Nígbà míràn pásíwọ́ọ̀dù á tọ̀nà, Windows á sì ní User Profile Service kò rí ìwé ẹni náà gbé, tàbí kó wọlé sí ojú òfìfo tí kò ní fáìlì kankan. Ìyẹn sábà máa ń wáyé nígbà tí iná bá lọ lójijì bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ nǹkan. Nínú regedit, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣí ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí, lábẹ́ ProfileList, ẹ ó rí orúkọ gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21 tí wọ́n fi .bak kún ìparí rẹ̀, yíyọ .bak yẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí orúkọ èkejì rẹ̀ padà ló sábà máa ń tún un ṣe. Ojú òfìfo yìí ni ó máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù, tí wọ́n á fi gbà pé fáìlì ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ lábẹ́ Users. Tí ẹ bá sì rí ẹ̀rọ tó ní kí ẹ tẹ A1B2C3, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ẹ ti tẹ PIN tí kò tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn ni yín àti bóyá kíbọ́ọ̀dù yín ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà.

Windows 10 fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dẹ́kun ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún un, ìran kẹfà Intel kò sì sí nínú àkójọ èyí tí Windows 11 gbà; ìran kẹjọ ni ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé Linux Mint tó rí lórí fílàṣì lè gbé inú ẹ̀rọ náà títí láé, LibreOffice á sì ṣí ìwé owó rẹ̀. Ó ní ká jẹ́ kí ìpàdé kọjá ná.

Ìwé owó

Mo ti ń kó irinṣẹ́ mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣí Excel, tó ní kí n wá wo nǹkan.

"Wò ó, owó ìtanràn ti dé padà."

Nínú ìwé owó náà, òpó kan wà tó ń ka iye ọjọ́ tí ẹni tó yá owó ti fi kọjá ọjọ́ ìsanpadà. =TODAY() ló fi ń mọ ọjọ́ òní, ó sì ń yọ ọjọ́ ìsanpadà kúrò nínú rẹ̀. Tó bá ju òdo lọ, òpó kejì á ṣírò owó ìtanràn. Ní gbogbo àsìkò tí ẹ̀rọ fi gbà pé 2016 la wà, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kankan tó pẹ́ san owó. Òdo, òdo, òdo, láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé òun ló fọwọ́ ba ìṣírò náà jẹ́, ó sì ti ka òdo náà sétí ẹgbẹ́ ní ìpàdé tó kọjá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

"Ṣé kí n wá ka èyí fún wọn ní Sátidé?"

"Ẹ kọ́kọ́ fi han alága yín, Àǹtí mi. Ẹ tún bá mi wo àwọn fáìlì wọ̀nyí." Mo to Documents gẹ́gẹ́ bí ọjọ́, gbogbo ohun tó fi pamọ́ láti ìgbà tí F1 ti bẹ̀rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú ọjọ́ 2016. Díẹ̀ nínú wọn ló ti rò pé ó sọnù, tó sì ti tún tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A jókòó, a wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi oṣù tó tọ̀nà kún orúkọ fáìlì.

Ohun tí mo ṣe kẹ́yìn ni pé mo yọ TODAY() kúrò nínú ìwé owó. Sẹ́ẹ̀lì B1 ni ọjọ́ ìpàdé máa ń wà báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, gbogbo òpó ìtanràn ń wo ibẹ̀. Ó tẹ ọjọ́ Sátidé sí i, ó tẹ ìwé náà jáde ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún alága.